Orúkọ Wo Lẹ Fi Ń Wá A?

Bí olùkọ́ bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ ìwé ìtàn olójú-ewé mẹ́wàá, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe kò ṣòro láti mọ̀. Wọn á wá mémoire ẹnìkan tó ti jáde, wọn á yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọn á sì kọ "Ìtàn Ìlú Parakou Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Títí Di Òní" sí orí rẹ̀, ó parí. Ní báyìí tí ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnni ti dé, iṣẹ́ náà kò gba ìdajì wákàtí mọ́. A kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Èrò tiwa ni pé àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló yẹ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́rùn jù lọ ní Parakou, nítorí pé ọ̀rọ̀ èdè ni ohun tó sábà máa ń dá oníwàádìí dúró níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí kò sì jáde títí di 1921, yóò rí i pé Aláàfin Olúewu bẹ ọba Ìbàrìbá kan lọ́wẹ̀ láti bá a gbógun ti Ìlọrin. Ẹlẹ́dùwẹ̀ ni Johnson pe ọba náà. Ogun yẹn yíwọ́. Ọba méjèèjì kò padà sílé, Ọ̀yọ́ Ilé dahoro, Àtìbà sì lọ tẹ Ọ̀yọ́ mìíràn dó ní Àgọ́ Ọ̀jà. Nǹkan bí ọdún 1836 ni àwọn òpìtàn fi í sí.

Ó dáa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbéra ní Parakou, ó di Nikki, ó ń bèèrè Ẹlẹ́dùwẹ̀ káàkiri. Ta ni yóò dá a lóhùn? Sero Kpera ni orúkọ tí wọ́n mọ ọba tó bá ogun yẹn lọ ní Nikki. Àwọn gèsèré tí ń ka ìtàn àti oríkì àwọn ọba níbẹ̀ nígbà ọdún Gaani kò ní í fi orúkọ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ sọ ọba wọn pè é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá mọ èyí, yóò padà wálé, yóò sì kọ ọ́ pé àwọn Ìbàrìbá ti gbàgbé ogun náà pátápátá. Irọ́ ni yóò jẹ́, ìyẹn sì lè wà nínú ìwé fún ogún ọdún kí ẹnìkan tó tún un ṣe, nítorí pé àwọn tó bá dé lẹ́yìn á kàn máa dà á kọ ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Nàgó rí. Nínú ìwé tí àwọn Faransé kọ nígbà ìjọba wọn, "Nagot" ni wọ́n sábà máa ń pe ọmọ Yorùbá ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fi "Yorùbá" nìkan wá wọn yóò rò pé wọn kò tó nǹkan. Síbẹ̀, Nàgó kì í fìgbà gbogbo dúró fún gbogbo wa. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ lè jẹ́ Nàgó lẹ́nu ẹnìkan, kí oníṣòwò tó ti Nàìjíríà wá má sì jẹ́ Nàgó lẹ́nu ẹni yẹn kan náà. Ta ló ń sọ ọ́, ọdún wo ló sọ ọ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Lójú tiwa, ìbéèrè mẹ́ta yìí nìkan tó ojú-ewé mẹ́wàá.

Nítorí náà, a kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ kọ ìtàn Parakou láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ohun kékeré kan ni kí a mú. Ojú irin tó ti Cotonou wá, kìlómítà 438, dé ìlú yìí láàárín àwọn ọdún 1930. Wọ́n ti fẹ́ kó dé Niger, ṣùgbọ́n Parakou ló dúró sí, ó sì di dandan kí wọ́n máa já ẹrù níhìn-ín, kí wọ́n tún un dì sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹrù ń bọ̀, ènìyàn ń bọ̀, èdè náà ń bọ̀. Èdè wo ni wọ́n wá ń fi ná ọjà?

Àwọn tó fojú ara wọn rí i nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé ti lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Arzèkè lónìí jẹ́ ọmọdé láàárín àwọn ọdún 1950. Ẹ má bi í pé, "Ìyá, ìgbà wo ni àwọn Yorùbá dé Parakou?" Ohun tí gbogbo ayé ń wí ni yóò wí fún yín, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn mémoire wa ni ọmọ rẹ̀ ti kà á fún un. Ẹ bi í pé, "Ìyá, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, èdè wo ni ìyá yín fi ń ná ọjà pẹ̀lú àwọn Dendi?" Èyí, ó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀. Bó bá pe ara rẹ̀ ní Nàgó, Nàgó ni kí ẹ kọ. Bí ọ̀rọ̀ Dendi bá já wọ àárín Yorùbá rẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀. (Yálà ẹ fẹ́ kọ ọ́ ní ẹ àti ọ, tàbí ní ɛ àti ɔ pẹ̀lú kp àti sh bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Benin, ọwọ́ yín ló kù sí, ẹ sáà mú ọ̀kan.)

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí tí a gbọ́dọ̀ gbá kúrò. Stefan Reichmuth kọ̀wé ní 1988 lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tó wọ èdè Yorùbá, "àlùfáà" sì wà lára wọn: "alfa" ni níbẹ̀. Dendi tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní ìlú yìí, ẹ̀ka Songhay ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tún so "ìmàle" mọ́ Mali. Ọ̀nà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá ń bẹ lẹ́nu wa láìjẹ́ pé a ṣí ìwé kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kì í sọ ọdún tó wọlé, kì í sì í sọ ìlú tó gbà kọjá, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ipá mú un sọ ọ́. Ohun tí à ń wí yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè gan-an, àwọn tí kì í rí orúkọ ìlú kí wọ́n má gé e sí wẹ́wẹ́ láti wá gbólóhùn Yorùbá nínú rẹ̀. Bí a bá gé "Parakou" lónìí, Dendi náà á gé e, Ìbàrìbá náà á gé e, ó sì máa dá kálukú lójú.

A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan ṣì wà tó jẹ́ pé iye ìwé tí a tò sẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó fúnni ní máàkì. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ẹnu kò wọ ìṣirò. Bẹ́ẹ̀, láti 1961 ni Jan Vansina ti fi hàn bí a ti í gbé ọ̀rọ̀ ẹnu yẹ̀ wò, bí a ti í fi ti ẹnìkan wọn ti ẹlòmíràn. Ta sì ni kó lọ wá ìwé náà? Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1898 ti la Borgu sí méjì, Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọsílẹ̀ apá kan wà ní Porto-Novo àti Aix-en-Provence, ti apá kejì wà ní Kaduna àti London. Porto-Novo tó sún mọ́ wa jù nínú gbogbo wọn ju irinwó kìlómítà lọ. Àwa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Arzèkè kò gbà ju owó zémidjan lọ.

Ohun kan kù tí a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Bí a bá ti gba máàkì tán, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìwé wọ̀nyí ń lọ. Kí ẹ̀ka wa máa tọ́jú ohùn tí a bá gbà, bí ẹni tó ni ín bá fọwọ́ sí i, kí a kọ ọjọ́ àti èdè sí i lára. Kí a sì dá ìwé náà padà sílé ẹni tó sọ̀rọ̀. Faransé ni a fi ń kọ ọ́, ìyá ọlọ́jà kò sì gbọ́ ọ. Nínú ojú-ewé mẹ́wàá, kí a fi ẹyọ kan kọ ohun tó sọ ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ọmọ rẹ̀ lè kà á sí i létí, kí òun náà sì lè sọ fún wa ibi tí a ti gbọ́ òun gbọ́ sódì.