Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ta Ata Ilẹ̀ Pupa Bí Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ ata ilẹ̀ pupa la fẹ́ bá ara wa sọ. Ọjà yìí ń tà, tútù ni o, gbígbẹ ni o, lílọ̀ ni o, inú wa sì dùn sí i. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ẹnu tí àwa kan fi ń tà á. “Màmá, ẹ mu èyí, ẹ̀jẹ̀ ríru yín á lọ pátápátá, ẹ ju oògùn òyìnbó yẹn nù.” Irú ọ̀rọ̀ yìí kò dáa, ó sì yẹ ká jáwọ́ ńbẹ̀.

Kì í ṣe pé ata ilẹ̀ pupa kò níṣẹ́ kankan lára o. Ohun tó fún un ní àwọ̀ yẹn, curcumin lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, èyí tó wà lójú títì Adó sí Ìjàn tí gbogbo wa ń gbà kọjá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Brazil gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n po ata ilẹ̀ pupa àti jínjà mọ́ oúnjẹ eku, wọ́n sì fún àwọn eku náà ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru. Èròjà ara tó máa ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, agbára rẹ̀ dínkù lára àwọn eku tó jẹ ata ilẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n eku ni o, kì í ṣe ìyá alẹ́lùbọ́ọ̀sà.

Ìwádìí lára ènìyàn náà wà tó fi hàn pé ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ la wí. Curcumin tí wọ́n ti yọ jáde sínú kápúsù ni wọ́n sì sábà máa ń lò, kì í ṣe ṣíbí kan nínú ọbẹ̀. Nínú gíráàmù 100 èyí tí a lọ̀, bíi gíráàmù 3 péré ni curcumin, ara kì í sì í gbà á dáadáa. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ ní Íńdíà fi piperine kún un, ìyẹn ohun tó ń ta lẹ́nu nínú ata dúdú, ara sì gbà á ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Ìyèré wa náà ní piperine. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi ìyèré sọ́bẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Ohun tó lágbára lè ṣe jàǹbá. Lọ́dún 2022, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn 10 tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ nítorí kápúsù ata ilẹ̀ pupa. Ẹnì kan kú nínú wọn. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an, kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa dà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èyí tí wọ́n ti lọ̀ wá láti ibòmíràn ńkọ́? Ní Bangladesh, àwọn oníṣòwò kan ń po àwọ̀ tí wọ́n fi òjé ṣe mọ́ ọn kó lè tàn yòò. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Àṣírí tú lọ́dún 2019, ìjọba mú wọn, wọ́n gba owó ìtanràn, nígbà tó fi di 2021 wọn ò rí i mọ́ nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jà. Nítorí náà, ẹ ra odindi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́ fúnra yín.

Àwọn kan á ní a fẹ́ ba ọjà jẹ́. Háà! Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹni tó ju oògùn rẹ̀ nù lè máa rìn kiri kó tó di pé rọparọsẹ̀ gbé e dè. Ṣé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ á padà wá rajà? Bí wọ́n bá bi wá, ká wí pé: “Oúnjẹ ni o, ó dáa lára, ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀, ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ ń jẹ ẹ́.” Ẹni tó bá sì fẹ́ dì í sínú ike kó kọ “ó ń wo àtọ̀gbẹ” sí i lára, kó rántí pé NAFDAC ń bọ̀.

A fẹ́ kí ẹgbẹ́ bẹ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìlú kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wá sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí wọ́n ti ìsọ̀ àwa aláta bẹ̀rẹ̀, torí àwa la ń jókòó jù.