Ẹ Má Bú Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mọ́, Ẹ Pààrọ̀ Bátìrì

Ní sáà tó kọjá, mo tẹ orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìlaròó. Nígbà tí mo padà lọ ṣàtúnṣe sí i, mo fi orúkọ mìíràn pa á mọ́, n ò mọ̀ pé iná ti lọ lóru, tí déètì ẹ̀rọ ti padà sí 2009. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, mo to àwọn fáìlì bí wọ́n ṣe tuntun sí, mo mú ti òkè. Ti àtijọ́ ni mo gbé fún olùdarí iṣẹ́ mi! Gbogbo àṣìṣe tó ti fi gègé pupa fà sí ló tún bá níbẹ̀. Ó ní mo fojú di òun.

Ẹ̀rọ kan náà kì í ṣí portal. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ń bú. Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí ààbò portal ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ẹ̀rọ tó rò pé 2009 la wà yóò ní kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bátìrì roboto kan bí owó ẹyọ, CR2032, ló ń gbé aago ẹ̀rọ ró tí kò bá sí iná. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ara iná ògiri ni aago ti ń jẹun. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Tí NEPA bá ti mú iná, bátìrì nìkan ló kù. Tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wa. Bátìrì wọn ti gbó kí wọ́n tó débí.

Àwọn kan ní kí a ṣáà máa tún déètì ṣe láràárọ̀. N ò gbà. Ta ni yóò máa rántí? Èyí tí mo rà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán mi. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ ya fọ́tò bátìrì kí ẹ lè mọ ojú tó kọ sókè, ẹ ti irin kékeré tó dì í mú, yóò ta sókè. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ wọ BIOS, ẹ tún déètì ṣe. (Ẹ má fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ọmọdé o, tó bá gbé e mì, ó ń jó ọ̀fun.)

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì Ìlaròó àti OOU Ayétòrò, a ń dáwó aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ ra bátìrì fún ẹ̀rọ yòówù tí déètì rẹ̀ bá ń ṣìnà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn ti gbà kí n fi ọ̀kan sí tirẹ̀. Iná lọ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, déètì kò yẹ̀.