Pẹ́ńṣàn Ìlú Ọba tí kì í lé sí i fún àwọn àgbà wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Agbo ilé tó ní bàbá tàbí ìyá tó fi ogún, ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba kó tó padà wálé kò kéré nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Nọ́ọ̀sì wà lára wọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì lóru náà wà níbẹ̀. Wọ́n yọ owó National Insurance nínú owó iṣẹ́ wọn, nítorí náà ẹ̀tọ́ ni pẹ́ńṣàn tí wọ́n ń gbà, kì í ṣe sàráà. Ibi yòówù tí wọ́n bá ń gbé, ìjọba Bírítéènì á san án.

Àmọ́ ní London, ó ń lé sí i ní oṣù kẹrin ọdọọdún. Ní Abẹ́òkúta, kì í lé. Iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí èèyàn kó wálé, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ pẹ́ńṣàn tuntun ní 2016, tó sì wá jókòó sí Ìbarà lọ́dún náà, £155.65 lọ́sẹ̀ ni tirẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin 2025, akẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sí London ti ń gba £230.25. Ìyàtọ̀ náà lé ní £3,800 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ kò fura, torí náírà tó ń já ń jẹ́ kí owó tí wọ́n ṣẹ́ dà bí èyí tó ń pọ̀ sí i.

Àìsí àdéhùn ló fà á. Jàmáíkà, Fílípínì, Tọ́kì àti Amẹ́ríkà ní àdéhùn pẹ̀lú Bírítéènì tó jẹ́ kí àlékún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Nàìjíríà kò ní. Nọ́ọ̀sì ará Jàmáíkà àti nọ́ọ̀sì ọmọ Ẹ̀gbá lè jọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà, kí wọ́n san iye kan náà, síbẹ̀ bí kálukú bá padà sílé, owó wọn kò ní dọ́gba mọ́. Èyí kò tọ́. Obìnrin kan tó ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà, Annette Carson, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 2010, adájọ́ 11 nínú 17 kò gbè é. Abuja ló wá kù tí a lè kọjú sí. Kì í sì í ṣe àdéhùn kàn ṣáá o: Kánádà ní àdéhùn, síbẹ̀ pẹ́ńṣàn kì í lé níbẹ̀, torí àdéhùn náà kò mẹ́nu kan àlékún.

Àwọn kan ń lo àdírẹ́sì ọmọ wọn ní Peckham bí ẹni pé wọn kò kúrò ní London, kí àlékún má baà dá dúró. Àìtọ́ òfin kò sọ irọ́ di hàláàlì. Ìjọba lè gba owó náà padà, ó sì lè di ẹjọ́. Ọ̀nà tó mọ́ wà: bí bàbá bá lọ kí àwọn ọmọ, kó sọ fún iléeṣẹ́ pẹ́ńṣàn, wọ́n á san iye tó wà lóde fún un ní gbogbo àkókò tó bá lò níbẹ̀.

Ti òkú ló burú jù. Wọ́n máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ẹni náà ṣì wà láàyè, ẹlẹ́rìí á sì fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá dá a padà, wọ́n lè dá owó dúró, nítorí náà ẹ máa bá àwọn àgbà yẹ lẹ́tà wọn wò. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá kú, ẹ fi tó wọn létí kó tó di fídáù ọjọ́ kẹjọ. Owó tí wọ́n bá san fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ikú rẹ̀ kì í ṣe ogún, gbèsè ni. Àlùfáà tí wọ́n bá pè wá pín ogún irú ilé bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè àkọsílẹ̀ báńkì.