Ariwo Kọ́ Ni Agbára: Ẹni Tó Pààrọ̀ Ọ̀pá Èéfín Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé Kábùrétọ̀

Ní Kùtọ́nu, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, alùpùpù ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Òun ni ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Òun ni ó ń gbé irè oko wá sí ọjà. Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ zémíjàn, òun gan-an ni oko rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá ba ẹ́ńjìnnì alùpùpù jẹ́, oúnjẹ ilé ni ó bà jẹ́.

Àṣà kan wà tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a gé ọ̀pá èéfín tó bá alùpùpù wá láti ilé iṣẹ́, tàbí kí wọ́n fi èyí tó fẹ̀ tó sì ń pariwo rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn a tún yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Wọ́n gbà pé alùpùpù tó ń pariwo ni ó lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àgbá òfìfo ní í pariwo. Ariwo náà ń da àwọn aládùúgbò láàmú lóru, àmọ́ àléébù tó tóbi jù ú lọ wà níbẹ̀: iṣẹ́ ààbọ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà, wọn kò sì fọwọ́ kan ọ̀nà epo.

Ẹni tó bá ń tẹ ẹ̀bà mọ̀ pé omi àti gàrí ní ìwọ̀n. Bí omi bá pọ̀ sí i tí gàrí kò pọ̀ sí i, ẹ̀bà kò ní dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo àti afẹ́fẹ́ rí nínú kábùrétọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí epo ẹ̀sáǹsì kílò 1 tó lè jó tán, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bíi kílò 15. Ilé iṣẹ́ tó ṣe alùpùpù ti wọn ihò epo inú kábùrétọ̀ kí ó bá asẹ́ afẹ́fẹ́ àti ọ̀pá èéfín mu. Bí ènìyàn bá ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ihò epo kò fẹ̀ sí i. Epo á wá kéré jù.

Epo tó kéré jù ń mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná ju bó ti yẹ lọ. Alùpùpù á máa fà sẹ́yìn nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá fẹ́ sáré. Ó lè máa dún gbì-gbì nínú ọ̀pá èéfín nígbà tó bá dẹwọ́ eré. Bí wọ́n bá ń gùn ún bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú ẹrù àti èrò, ooru náà lè jó písítọ́ọ̀nù lu. Ní ti asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹni tó yọ ọ́ sọnù ti ṣílẹ̀kùn fún eruku. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku pupa ojú ọ̀nà a máa wọ inú ẹ́ńjìnnì, a sì máa rin irin inú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fi yanrìn fọ ìkòkò.

Àwọn mẹkáníìkì kan mọ èyí, wọ́n sì ń fi epo púpọ̀ wo àìsàn náà láìwọ̀n ọ́n. Ìyẹn náà kò dára. Epo tó pọ̀ jù a máa mú èéfín dúdú jáde, a sì máa fọ òróró kúrò lára irin tó yẹ kí òróró máa dáàbò bò. Ó tún ń jẹ owó. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Èbìbí ọdún 2023, kpayo tó ń ti ibẹ̀ wá ti gbówó lórí. Ẹni tó ń ra epo nínú ìgò ní ojú títì kò yẹ kó máa rà á láti fi sọ ọ́ di èéfín.

Ọ̀nà tó tọ́ wà, kò sì ṣòro. Lákọ̀ọ́kọ́, kí mẹkáníìkì rí i dájú pé afẹ́fẹ́ kò yọ́ wọlé láti ibòmíràn, níbi tí kábùrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kó tó ṣe àyẹ̀wò kankan. Ìdè idẹ oníhò kan wà nínú kábùrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo nígbà tó bá ń sáré gan-an. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lára. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ihò ṣe fẹ̀ tó. Bí ti ilé iṣẹ́ bá jẹ́ 95, kí ó kọ́kọ́ dán 98 wò, kí ó má fò lọ sí 110. Fún eré àárín, abẹ́rẹ́ kan ni ó ń díwọ̀n epo. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilà sí ọrùn rẹ̀, gbígbé ìdè kékeré tó dì í mú sọ̀kalẹ̀ sí ilà kejì yóò mú abẹ́rẹ́ náà gòkè, epo á sì pọ̀ díẹ̀. Fún ìgbà tí alùpùpù bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ìdè kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kábùrétọ̀ tí wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bùjí ni ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn tí alùpùpù bá ti rin ìrìn díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ti tutù, kí wọ́n yọ ọ́ wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá funfun, epo ti kéré jù. Bí ó bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ díẹ̀, ìwọ̀n ti sún mọ́ ohun tó tọ́.

Níbí ni ìwé kíkà ti wúlò. Àwọn kan sọ pé etí mẹkáníìkì tó, pé ọ̀gá kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Etí dára, ṣùgbọ́n etí kì í rántí nọ́ńbà. Kí wọ́n tó tú kábùrétọ̀, kí ẹni tó ni alùpùpù kọ nọ́ńbà ara ìdè idẹ náà sílẹ̀. Kí ó kọ ilà tí abẹ́rẹ́ wà. Kí ó ní kí wọ́n yí ìdè ẹ̀gbẹ́ wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, kí ó sì kọ iye ìgbà tó yí: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, ìwé kékeré yẹn ni yóò fi ọ̀nà padà sílé hàn án. Ọ̀gá tó bá kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní àṣà yìí ti fún un ní ohun èlò tí kì í dípẹtà.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èrò ń kánjú, pé orúkọ zémíjàn pàápàá túmọ̀ sí «gbé mi kíákíá» ní èdè Fọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ti jóná kì í gbé ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí èrò kánjú tó. Agbára tí ọ̀pá èéfín tuntun ń fi kún alùpùpù kékeré kò pọ̀, kò sì lè san owó písítọ́ọ̀nù tó lu.

Nítorí náà, ẹni tí alùpùpù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kí ó fi ọ̀pá èéfín àti asẹ́ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ti ṣe wọ́n, kí ó máa fọ asẹ́ náà tàbí kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Ẹni tó bá sì pinnu láti yí wọn padà, kí ó fi owó kábùrétọ̀ kún owó ọ̀pá èéfín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, kí ó dúró títí yóò fi tó.