Ìṣọ̀kan ìjọ ní Kumasi: Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Kumasi, àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn, àwọn tí ará Asante ń pè ní Alata, ta ọjà wọn lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì forí lé Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Èjìgbò. Àwọn ọmọ wà láàárín wọn tí wọn kò fojú kan ìlú tí wọ́n ní kí wọ́n "padà" sí rí.

Ọ̀rọ̀ ọjà àti ilé tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ni àwọn èèyàn sábà máa ń sọ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì kì í sábà wọ̀ ọ́. Lóòótọ́, Mark Hayford, ọmọ ilẹ̀ náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi ní Gold Coast ní 1898, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbé e ká ọ̀pọ̀ ìlú. Kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó fìdí kalẹ̀ ní 1947, wọ́n ti ń pé jọ, wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọrin, wọ́n sì ń fi í wàásù. Láti Nàìjíríà ni pásítọ̀ wọn ti ń wá, abẹ́ àpéjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà ni wọ́n sì wà títí di àwọn ọdún 1960 tí ti Ghana fi dá dúró.

Nígbà tí àṣẹ Busia dé, ọ̀pọ̀ ìjọ ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ghana, tí wọn kò pọ̀ nígbà náà, pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì, ló tún iṣẹ́ náà gbé dìde. Ó sì dìde: ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn ṣì wà ní Abuakwa, lẹ́bàá Kumasi, dòní.

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru Busia. Ó jẹ̀bi, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í ṣe ti ìjọba: kí ni àwọn Yorùbá àti àwọn ọmọ ilẹ̀ náà jọ ń ṣe nínú ìjọ kan náà kí àṣẹ tó dé? Bí ìwàásù, orin, ìgbìmọ̀ àti ìṣúra bá wà lọ́wọ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, aládùúgbò tó ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yóò kà á sí ti àlejò, bó ti wù kí wọ́n máa pè é ní ará nínú Kristi tó.

Kumasi kan náà ní àpẹẹrẹ mìíràn, ó sì dára ju èyí lọ. Ní 1942, àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian pawọ́ pọ̀ dá Trinity College sílẹ̀ níbẹ̀ láti kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n gbé e lọ sí Legon ní àwọn ọdún 1960, ó sì wà títí di òní. Ẹ wá fi wé ìpàdé ìṣọ̀kan tí àwọn ìjọ ńláńlá ní Ghana bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tí wọ́n fẹ́ fi di ìjọ kan ṣoṣo. Ọdún 26 ni wọ́n fi jókòó. Ní 1983, wọ́n tú ká láìsí ìṣọ̀kan. Nàìjíríà pàápàá kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù Kejìlá 1965, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti mú ọjọ́ tí wọn yóò di ọ̀kan, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ fọ́ nígbà tó ku díẹ̀. Àwọn tó jọ ń kàwé nínú iyàrá kan, tí wọ́n jọ ń jẹun, rí ohun tí àwọn tó ń jiyàn lórí oyè bíṣọ́ọ̀bù kò rí.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà, ti rí irú ìjà yìí rí. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ní wọ́n ń fo àwọn níbi ìpín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò kàn ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje sídìí iṣẹ́ náà, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje náà ń jẹ́. Ní kúkúrú, ìhà tó ń ráhùn ni wọ́n fa ìpín lé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́. Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Ghana jáde ní oṣù Kínní 1983, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go lẹ́nu gbogbo wa. Ní òpin oṣù Keje 2025, àwọn kan tún jáde ṣe ìwọ́de ní Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ààrẹ John Mahama fọkàn àwọn ará Nàìjíríà balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ṣé yóò máa rọlẹ̀ nígbà gbogbo?

Kò sẹ́ni tó yẹ kó ní kí àwọn Yorùbá ní Kumasi pa ìsìn èdè wọn rẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ń sọ Twi nílé ìwé ti ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kò nílò kó jẹ́ méjì. Akápò lè jẹ́ ọmọ Asante lọ́dún yìí, kó jẹ́ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn pásítọ̀ tó ń wàásù ní Twi náà ní iṣẹ́ tiwọn: bí wọ́n bá ti ìsọ̀ ọmọ ìjọ pa lọ́jà nítorí pé ó jẹ́ àjèjì, kí pásítọ̀ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ọjà lọ́jọ́ Ajé, kó má dúró de ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Ohun kan náà ló yẹ àwọn pásítọ̀ ní Èkó tí ọmọ Ghana wà nínú ìjọ wọn.

Ibi tí wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ̀ọ̀kan ṣí àpótí tí ìwé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà, kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú sókè níwájú gbogbo ìjọ, ní Yorùbá àti ní Twi. Orúkọ àwọn wo ló wà níbẹ̀, àwọn wo ni kò sì sí níbẹ̀?