Fóònù Tí A Já Gbà Lójú Pópó Kò Gbọdọ̀ Di Ẹ̀rí

Nígbà tí ọlọ́pàá bá dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lójú pópó, tí ó wo irun dàda orí rẹ̀ àti lápútọ́ọ̀pù tí ó gbé kọ́ èjìká, tí ó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó ní kí ó ṣí i ní dandan, tí ó sì wá ń ka ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ̀ láti orí ti ìyá tí ó bí i dé orí ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí ó tún yà síbi tí áláàtì báńkì wà láti mọ iye tí ó ní, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyíinì ní ìwádìí. Gbàlọ́wọ́mẹ́rìí ni, aṣọ ìjọba tí ó wọ̀ kò sì sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Òfin kò ṣókùnkùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, títí dé orí ọ̀rọ̀ tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù. Abala 45 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì la ọ̀nà sílẹ̀ fún ọlọ́pàá tí ń wá ẹ̀rí inú ẹ̀rọ láti tọ adájọ́ lọ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀nà náà tẹ́jú, igbó ni wọ́n yàn láti máa gbà. Ó sì ju ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan ṣoṣo lọ tí ó ti ka àṣà yìí léèwọ̀, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kọ etí ikún sí i.

Àwọn tí ń gbè wọ́n lẹ́yìn yóò ní ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ Yahoo ń lu ènìyàn ní jìbìtì, tí wọ́n sì ń bà wá lórúkọ jẹ́ lókè òkun. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ọlọ́pàá tí ń fi àtàǹpàkò tú fóònù gan-an ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún olè láti sá lọ. Ẹlẹgẹ́ ni ẹ̀rí inú ẹ̀rọ. Bí fóònù bá ṣì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹlẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ó wà ní ìlú mìíràn lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kò tíì kà yóò di èyí tí a ti kà, agbẹjọ́rò yóò sì bèèrè ta ni ó kà á. Amòye a máa kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a máa ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀, a máa ṣírò nọ́ńbà kan fún ẹ̀dà náà, èyí tí yóò yí padà bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, a sì máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kàn án sílẹ̀. Ti tèṣàn wa ńkọ́? Inú dúrọ́ọ̀ sájẹ́ǹtì ni, láàárín bírò àti búrẹ́dì àjẹkù, láìsí àmì, láìsí ìwé.

Ilé ẹjọ́ wa kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ: abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 bèèrè ìwé tí a buwọ́ lù nípa ẹ̀rọ tí ó ti jáde, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì torí rẹ̀ kọ ìwé tí a fà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, lórí ìbò gómìnà Bayelsa ti 2012. Háà, ilé ẹjọ́ tí ó le tó báyìí lórí ìwé, èé ṣe tí kì í le bẹ́ẹ̀ lórí ipá? Nítorí abala 14 òfin kan náà fi í sọ́wọ́ adájọ́ láti gbé ẹ̀rí tí a gbà lọ́nà àìtọ́ yẹ̀ wò, kí ó gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwọn adájọ́ sì ni onílé wa.

Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yọ fóònù ojú pópó kúrò nínú ohun tí a ń gbé yẹ̀ wò, kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá. Títí di ìgbà náà, ẹ̀yin adájọ́ wa, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó bojú wo fóònù náà rárá. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.