Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Gé Ọgbà Òdòdó Yẹn: Awò Ojú Dà?

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní kò dá lórí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ ojú, etí àti ìka ọwọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Òjò ti dé, gbogbo nǹkan ti hù. Òdòdó tí a gbìn yí ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọ́fíìsì ká ti ga kọjá bó ṣe yẹ. Láyé àtijọ́, pèrègún àti lápálápá ni àwọn bàbá wa fi ń ṣe ọgbà, àdá ni wọ́n sì fi ń gé e. Lónìí, maṣíìnì ni. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ń gbé e kọ́ èjìká láti ọgbà kan dé òmíràn. Oríṣi méjì ni, bẹntiróòlù sì ni méjèèjì ń mu. Ọ̀kan ní abẹ gígùn eléyín bí ayùn, òun ni wọ́n fi ń gé òdòdó kó lè tẹ́jú. Èkejì jẹ́ ọ̀pá gígùn tí abẹ tàbí okùn ọ̀rá líle ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gé koríko ẹsẹ̀ ọgbà. Ẹnì kan náà ló sábà máa ń lo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé kan ní Ọ̀rẹ̀ níbí nígbà tí mo gbọ́ "gbàù!" lára ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sẹ́bàá títì. Òkúta kékeré kan ló ta láti abẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé koríko, ó sì fọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà. Ọmọdébìnrin tó ń kiri búrẹ́dì kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gé koríko kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ti di í létí. Kò sí awò lójú rẹ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún un wà lábẹ́ igi níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ọlọ́run ṣeun, kò ba ènìyàn."

Èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní òkò tí a bá sọ sínú ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì yẹn, ọmọ ta ni? Ọmọ wa ni.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ èrò mi láìfi epo bọ iyọ̀. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọmọ tó gbé ẹ̀rọ nìkan ni a máa ń bá wí. Lójú tèmi, ẹni tó pè é wá ṣiṣẹ́ ni ojúṣe kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí awò ojú kò bá sí, tí àwọn ènìyàn kò sì tíì kúrò nítòsí, kí ẹ̀rọ má dún rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú ewu yìí.

*Ojú.* Kì í ṣe òkúta nìkan là ń sá fún. Igi tútù tàbí ewé kékeré tó bá ha ẹyinjú lè gbé kòkòrò àrùn wọ inú awọ tín-ín-rín tó mọ́ gaara níwájú ojú. Lára wọn ni irú èyí tó máa ń hù bí òwú lórí búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ní àwọn ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ohun tó wá láti ara ewéko wà lára ohun tó ń fa egbò ojú burúkú yìí jù lọ. Àwọn àgbẹ̀ kòkó àti ọ̀pẹ wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, á dà bíi pé erùpẹ̀ ló wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú á pọ́n, á máa dunni, ibi funfun á yọ lórí ẹyinjú. Bí ìtọ́jú bá pẹ́, ojú náà lè lọ pátápátá.

*Etí.* Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ní etí lè gbà fún wákàtí 8 lójúmọ́ ni desibẹ́ẹ̀lì 85. Bí ariwo bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù yìí ń dún tó bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó gbé e. Ọmọ tó ń fi wákàtí 4 gé ọgbà láìdí etí, díẹ̀díẹ̀ ló ń ta etí rẹ̀. Etí tó bá sì ti lọ báyìí kì í padà.

*Ọwọ́.* Abẹ eléyín náà kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá na ọwọ́ láti yọ ẹ̀ka tó há láìpa ẹ̀rọ ń fi ìka rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni. Gbígbọ̀n tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n pẹ̀lú, bó bá pẹ́ fún oṣù àti ọdún, máa ń ba iṣan ìka jẹ́. Ìka á máa ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀, á máa kú, kò sì ní lè mú nǹkan dáadáa mọ́.

*Iná.* Èéfín bẹntiróòlù kò ṣeé rí, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló sì máa ń rìn lé. Ẹni tó bá ń rọ epo sínú ẹ̀rọ gbígbóná nítòsí ìyá tó ń sun àgbàdo ń pe iná wá bá gbogbo wọn.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin alábòójútó ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin tí ẹ wà ní káńsù, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

1. Ẹ yan àkókò. Ọjọ́ tí ilé ìwé wà ní ìsinmi dára, tàbí lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ sílé. Kì í ṣe àsìkò ìsinmi ráńpẹ́.

2. Ẹ rìn yí ọgbà náà ká kí ẹ̀rọ tó dún. Ẹ ṣa òkúta, ìgò, wáyà àti agolo kúrò. Ẹ yẹ inú ewé wò bóyá agbọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, kí ẹ sì wo òkè bóyá wáyà iná kọjá. Bó bá jẹ́ lápálápá tàbí oró ni ọgbà yín, ẹ rántí pé oje wọn kò dára fún ojú àti ara.

3. Ẹ lé àwọn ènìyàn jìnnà. Mítà 15 ni ìwé ìlànà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko sọ, ìyẹn nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ gígùn. Ẹ fi ẹnì kan ṣọ́nà tí yóò máa dá ẹlẹ́sẹ̀ àti ọ̀kadà dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, kí ẹ̀rọ dákẹ́.

4. Kí òṣìṣẹ́ wọ awò oníke tó bo ojú yíká, ohun ìdí etí, ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Awò òòrùn kò tó. Kó máa sinmi lóòrèkóòrè, kó má sì gun àkàbà pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

5. Kí ẹ̀rọ tutù kí a tó rọ epo. Kí epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí a kọ nǹkan sí lára, kì í ṣe ìgò omi tí ọmọdé lè gbé mu. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fa bẹntiróòlù. Bí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pani. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má mú kó bì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bí nǹkan bá ba ojú ńkọ́? Ẹ má ra á. Ẹ má fa ohun tó gún un yọ. Ẹ má fi omi ọyàn, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i. Ẹ fi ife tó mọ́ bò ó láìtẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì lọ bá dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì jẹ́ kí kẹ́mísìtì fún yín ní oògùn ìkánsójú tó ní sitẹ́rọ́ọ̀dù nínú. Ó lè mú kí ojú funfun padà fún ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n á fún kòkòrò yẹn láyè láti jẹ ẹyinjú. Bó bá jẹ́ bẹntiróòlù ló ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó máa lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní owó dà? Ẹni tó rówó ra epo, tó rówó san owó iṣẹ́, owó awò kan kò lè pa á lára. Ilé ìwé lè ra méjì kó fi wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́ lò ó kó sì dá a padà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ọmọ náà ni kì í fẹ́ wọ̀ ọ́, pé ó máa ń gbóná. Òótọ́ ni, ó ń gbóná. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń sanwó ni àṣẹ wà. Ẹ sọ fún un pé bí kò bá sí awò, kò sí iṣẹ́. Á wọ̀ ọ́.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò NSITF nítorí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kàn pè lábẹ́ bíríìjì Ọ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ ojúmọ́, orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé kankan. Bó bá fọ́jú, ìyá rẹ̀ ni NSITF rẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọgbà tó tẹ́jú dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọgbà kankan tó tó ojú ènìyàn. Nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ tí maṣíìnì ń dún níwájú ilé ìwé ọmọ yín, ẹ yà síbẹ̀, kẹ́ ẹ bi ẹni tó gbé iṣẹ́ náà jáde ní ìbéèrè kan péré: awò ojú dà?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìwé kan àti ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ yìí jẹun. Ire o.